Àwo Blu-ray kọ̀, kò ṣí lórí láptọ́ọ̀pù mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ dá sí i

Ọmọ Bẹẹrẹ, Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n wà ní London ń kó kúrò nínú ilé tí wọ́n ń gbé, wọ́n wá fi páálí fíìmù kan ránṣẹ́ sí mi. Blu-ray ni gbogbo ẹ̀, ojúlówó, kì í ṣe èyí tí wọ́n dà kọ. Mo ti fọ́nnu fún gbogbo ará ilé pé láti ìsinsìnyí lọ, sinimá ni alẹ́ Sátidé. Àfi bí mo ṣe ti àkọ́kọ́ bọ láptọ́ọ̀pù, ó yí fìrìfìrì, ó dákẹ́, kò sọ nǹkan kan. Tí mo bá tẹ ibi tí àwo wà lórí kọ̀ǹpútà, á ní kí n fi àwo sí i, bẹ́ẹ̀ àwo wà nínú ẹ̀! DVD mi àtijọ́ sì ń ṣiṣẹ́ geerege níbẹ̀.

Tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù náà, Core i5, RAM rẹ̀ 8GB, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n mú owó wá kí òun fi Windows mìíràn sí i. Kí n tó yọ owó lápò, mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń béèrè pé fíìmù wo ni mo ti wò, ẹ̀rín ni mo kàn ń rín lórí fóònù.

Sánmọ̀rí

Kékeré lèyí. Wa VLC, sọ́fítíwià tó ń ṣí fíìmù, sórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ohun tí VLC kì í ṣí. Má fún onísọ̀ yẹn ní kọ́bọ̀.

Ẹnjiníà Ìkẹjà

Sánmọ̀rí, ti kọ́bọ̀ yẹn, mo wà lẹ́yìn rẹ. Ti VLC ni mi ò fara mọ́. Ohun tí díráìfù, ìyẹn ẹ̀rọ tí èèyàn ń ti àwo bọ̀ lára kọ̀ǹpútà, ò bá lè kà, kò sí sọ́fítíwià tó máa rí i. Ẹ wo ohun tí Ọmọ Bẹẹrẹ kọ: kọ̀ǹpútà ní kó fi àwo sí i. Ìyẹn ni pé díráìfù yẹn ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà lẹ́nu òun.

Ẹ jẹ́ kí n là á. Iná tín-ín-rín kan ni díráìfù fi ń ka àwo. Pupa ni ti DVD, gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 650. Ti Blu-ray jẹ́ búlúù tó ti ń sún mọ́ àwọ̀ àlùkò, 405 ni tirẹ̀. Àwọn àmì tí wọ́n tẹ̀ sínú àwo Blu-ray kéré gan-an, wọ́n sì há mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí àwo kan fi ń gba 25GB, tí onípele méjì ń gba 50GB, nígbà tí DVD ò gbà ju 4.7GB lọ, tàbí 8.5GB tó bá jẹ́ onípele méjì. Kí èèyàn máa fi iná pupa ka irú àmì bẹ́ẹ̀, bí ẹni fẹ́ fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò ìrẹsì rán léèsì ni. Kò sí Windows tó máa sọ iná pupa di búlúù.

Àyẹ̀wò rẹ̀ nìyí: di bọ́tìnnì Windows mú, tẹ X, mú Device Manager, ṣí ibi tí wọ́n kọ DVD/CD-ROM drives sí. Ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Tí o bá rí BD nínú orúkọ náà, bíi BD-ROM tàbí BD-RE, díráìfù rẹ lè ka Blu-ray. Tó bá jẹ́ DVD nìkan lo rí, kò lè kà á, kò sì sí oògùn rẹ̀. Kà á kí o wá sọ fún wa.

Ọmọ Bẹẹrẹ, Ìbàdàn

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti wò ó. DVD+-RW ni wọ́n kọ, kò sí BD níbì kankan. Ṣé a lè yọ díráìfù yìí ká fi ti Blu-ray dípò ẹ̀?

Ẹnjiníà Ìkẹjà

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ìnípọn wọn yàtọ̀ síra. 12.7mm wà, 9.5mm wà, èyí tó bá nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ò ní wọlé. Ojú rẹ̀ tó ń bọ́ síta náà lè má bá ara láptọ́ọ̀pù mu. Èmi ò ní ní kí o ṣe é. Ra èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọn níta pẹ̀lú USB. Ọjọ́ tí láptọ́ọ̀pù yẹn bá kú, wàá gbé e lọ sórí òmíràn.

Àdùkẹ́ Peckham

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ọ wá àlòkù níbí ní London. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi àwo sílẹ̀ tí wọ́n ń wo fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá ń ta díráìfù wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi àwo Blu-ray dán an wò kí wọ́n tó sanwó o! Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ Blu-ray gàdàgbà sára páálí rẹ̀, tó jẹ́ DVD lásán ló wà nínú ẹ̀. Orúkọ tí kọ̀ǹpútà bá pè é ni kí wọ́n gbà gbọ́, bí Ẹnjiníà ṣe wí.

Wáyà tèmi ní orí méjì, ihò USB méjì ló ń gbà. Tí tiwọn bá wá pẹ̀lú irú ẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi wáyà náà sílẹ̀ sí London.

Bọ̀dé Onífíìmù

Ẹ fi kún un pé USB 3 ni kí wọ́n rà, èyí tí inú ihò rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù. Tó bá jẹ́ USB 2, fíìmù á máa lọ, á máa dúró, torí Blu-ray wúwo. Ojú mi ló ṣe.

Ẹnjiníà Ìkẹjà

Bọ̀dé, mo gbà pé ojú rẹ ló ṣe. Ohun tó fà á ni a ò jọ rí bákan náà. Fíìmù Blu-ray tó wúwo jù lọ ò kọjá mẹ́gábíìtì 54 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 480 ni wọ́n kọ sára USB 2. Ká tiẹ̀ ní ìdajì ẹ̀ ló ń gbé ní ti gidi, ó ṣì ṣẹ́kù rẹpẹtẹ. Iná ni wàhálà. USB 2 ò fún ohun tí wọ́n bá so mọ́ ọn ju miliáńpù 500 lọ, USB 3 ń fún un ní 900. Díráìfù Blu-ray sì lè fẹ́ ju 500 lọ, pàápàá nígbà tó bá ń gbéra láti yí. Tí iná ò bá tó, á gbéra, á kú, á tún gbéra. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún wáyà Àdùkẹ́ ní orí méjì.

Bọ̀dé Onífíìmù

Mo gbọ́. USB 3 náà ni màá ṣì rà.

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ọmọ yìí fẹ́ràn wàhálà. Èwo ni miliáńpù nínú ọ̀rọ̀ fíìmù? Kó lọ ra PS3 àlòkù, ẹ̀rọ géèmù ti Sony, kó fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó parí. Láti 2006 tí PS3 ti jáde ló ti ń ka Blu-ray, PS4 náà ń kà á. Ẹ ò ní wa sọ́fítíwià kankan, ẹ ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè orúkọ díráìfù. Èyí tí mo rà fún àwọn ìbejì láti fi ṣeré, èmi àti bàbá wọn ló ń fi wo fíìmù ní alẹ́. Ìjà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ti ẹni tí rìmóòtù máa wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọmọ Bẹẹrẹ, Ìbàdàn

Ẹ ṣé, mà. Iná ni mo ń sá fún. Ní àdúgbò wa, tí wọ́n bá mú iná lọ ní ìrọ̀lẹ́, ó lè di ọ̀sán ọjọ́ kejì kó tó dé. PS3 ò ní bátìrì, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti kọjá agbára mi. Bátìrì láptọ́ọ̀pù yìí ni mo gbójú lé.

Ọ̀gbẹ́ni Sólà, Ṣàgámù

Bátìrì tí o gbójú lé yẹn, ṣé o mọ̀ pé díráìfù tó ń yí lórí USB á máa mu nínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dé òpin? Bí bátìrì bá ń gbé fíìmù kan àbọ̀ tí o ń wò látinú fáìlì, má retí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwo. Dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kù, pa Wi-Fi. Àmọ́ má ṣe fi í sí ibi tí wọ́n ń fún bátìrì ṣọ́ra jù. Windows á dín agbára kọ̀ǹpútà kù, àwòrán á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó.

Akin Àgbowó

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi í. Kí ni ìwọ̀n ojú láptọ́ọ̀pù náà? Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ Core i5 wọ̀nyí, 1366 sí 768 ni ojú wọn, ìyẹn iye àmì kéékèèké tó ń gbé àwòrán jáde ní ìbú àti ní òró. Fíìmù Blu-ray jẹ́ 1920 sí 1080. Kó tó hàn lójú rẹ, kọ̀ǹpútà ti gé e kéré. Kí ló wá ń náwó díráìfù sí? DVD tó ń wò tẹ́lẹ̀ ti tó o.

Àdùkẹ́ Peckham

Akin, rárá. DVD tí wọ́n ń tà níbí jẹ́ 720 sí 576, ti Amẹ́ríkà tiẹ̀ kéré sí i, 720 sí 480. Nígbà tí o bá fi èyí hàn lójú 1366, kọ̀ǹpútà ní láti fẹ̀ ẹ́ ni, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń rí bàìbàì. Blu-ray tí wọ́n dín kù ṣì ń mọ́ ju DVD tí wọ́n fẹ̀ lọ. Lọ wo fíìmù tí òjò ń rọ̀ nínú ẹ̀ ní alẹ́, wàá rí ìyàtọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó lè fi HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ tí iná bá wà.

Akin Àgbowó

Òjò alẹ́ wo? Àwọn tó ń wo fíìmù pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ò ráyè òjò. Ṣùgbọ́n ti tẹlifíṣọ̀n, mo gbà.

Ọ̀gbẹ́ni Sólà, Ṣàgámù

Ti HDMI, ẹ kíyè sí i: láti inú láptọ́ọ̀pù dé ojú tẹlifíṣọ̀n, kọ́kọ́rọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní HDCP. Tí ohun tí o so mọ́ ọn ò bá mọ kọ́kọ́rọ́ yẹn, ojú ẹ̀ á dúdú tàbí kí sọ́fítíwià sọ pé òun ò ṣe mọ́. Tẹlifíṣọ̀n òde òní ò ní wàhálà yẹn. Pírójẹ́kítọ̀ àtijọ́ tó ń lo wáyà VGA ni kí o ṣọ́ra fún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a so ó títí, ojú dúdú ló ń fi wò wá.

Sánmọ̀rí

Ó dáa, díráìfù ti dé, ká sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ṣé VLC ò wá wúlò báyìí?

Ẹnjiníà Ìkẹjà

Ó wúlò, ó kù díẹ̀. Ẹ gbọ́. Windows Media Player ò fìgbà kan ṣí fíìmù Blu-ray rí. Láti Windows 8 ni Microsoft tiẹ̀ ti yọ DVD pàápàá kúrò nínú ohun tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí ni pé ojúlówó fíìmù Blu-ray wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń pè ní AACS, ẹni tó bá fẹ́ ṣe sọ́fítíwià tó ń ṣí i gbọ́dọ̀ sanwó ìwé àṣẹ. VLC ò sanwó fún ìwé àṣẹ yẹn, nítorí náà kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ bí o ṣe wà á sílẹ̀. O ní láti wá fáìlì libaacs àti àkójọ kọ́kọ́rọ́ tí àwọn èèyàn ń pín, kí o fi wọ́n sí ibi tó yẹ. Fíìmù kan á ṣí, òmíràn á kọ̀. Ojú ìwé àṣàyàn tí fíìmù kọ́kọ́ máa ń gbé wá náà tún ń fẹ́ Java.

Ẹni tí ò bá fẹ́ ìjọ̀ngbọ̀n, PowerDVD ti CyberLink ló ní ìwé àṣẹ, owó ni wọ́n fi ń rà á. Díráìfù tuntun mìíràn ń bá ẹ̀dà rẹ̀ wá nínú páálí. Leawo náà ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́. Ohun tí o bá lò, so kọ̀ǹpútà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó lè gba àpdéètì, torí wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́ AACS padà. Fíìmù tuntun lè kọ̀ láti ṣí lórí sọ́fítíwià tó ti pẹ́, kí èrò rẹ má lọ sórí àwo.

Sánmọ̀rí

Gbogbo ìyẹn? MakeMKV ló kúkú rọrùn jù. Fi àwo sí i, á dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà ní fáìlì kan, VLC á ṣí i láìsí ọ̀rọ̀. Ọ̀fẹ́ ni níwọ̀n ìgbà tó ṣì wà ní bẹ́tà, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n ṣì ń dán wò, àwọn tó ṣe é ń gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ síta. Bátìrì tí Ọ̀gbẹ́ni Sólà ń sọ náà á sì tọ́jọ́, torí kò sí ohun tó ń yí mọ́.

Àdùkẹ́ Peckham

Ó rọrùn lóòótọ́, òfin ló ń dí i lọ́wọ́. Níbí, October 2014 ni wọ́n gbà kí èèyàn máa da ohun tó rà kọ fún ìlò ara rẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga sì fagi lé e ní July 2015. Ní Amẹ́ríkà, òfin DMCA ti 1998 ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú kọ́kọ́rọ́ yẹn. Òfin tuntun ti Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, ti 2022, náà sọ̀rọ̀ lórí títú irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ẹnikẹ́ni ń bọ̀ wá kan ilẹ̀kùn rẹ o. Mo kàn ní kí o má sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀pà lò ń rà.

Sánmọ̀rí

Ọmọ Bẹẹrẹ ló ni àwo, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló rà á, kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Sólà, Ṣàgámù

Ẹ má jà. Àyè náà tún wà láti wò: fíìmù kan lè gba 30GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láptọ́ọ̀pù tó bá jẹ́ 256GB ni SSD rẹ̀, ibi tó ń kó fáìlì pa mọ́ sí, páálí kan ò lè wọ inú ẹ̀. Sọ́fítíwià HandBrake lè fún un pọ̀ kó kéré, àmọ́ Core i5 àtijọ́ á ṣe é fún wákàtí gbọọrọ, iná tí a ní kò sí náà ló máa jẹ.

Ará Houston

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹkùn, ìyẹn apá ayé tí wọ́n ṣe àwo fún. Ẹ̀yìn páálí fíìmù kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà A, B tàbí C. London àti Nàìjíríà wà ní B, nítorí náà ohun tí ẹ̀gbọ́n rà níbẹ̀ ò ní bá ọ jà. Amẹ́ríkà àti Japan wà ní A. Tí ẹnikẹ́ni bá fi fíìmù ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ mi níbí, wo lẹ́tà rẹ̀ dáadáa. Mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé rí tí kò ṣí.

Bọ̀dé Onífíìmù

Ìgbà márùn-ún péré ni díráìfù gbà kí o yí ẹkùn padà, lẹ́yìn ìyẹn ó di títí láé. Ẹ ṣọ́ra.

Ará Houston

Ti DVD nìyẹn, Bọ̀dé. Lórí DVD, inú díráìfù ni wọ́n ń kọ ẹkùn sí, ìgbà márùn-ún lóòótọ́. Ibẹ̀ sì ni London ti yàtọ̀ sí Nàìjíríà, torí 2 ni ti London, 5 ni tiwa, 1 ni ti Amẹ́ríkà. Lórí Blu-ray, sọ́fítíwià ló ń wo ẹkùn, kì í ṣe díráìfù, sọ́fítíwià náà sì lè ní iye ìgbà tó máa jẹ́ kí o yí i. Kò sì pọn dandan kí fíìmù ní ẹkùn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fíìmù máa ń fi í sílẹ̀ fún A, B àti C lẹ́ẹ̀kan náà.

Ará Kútọnu

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ń lo MacBook. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ẹnjiníà Ìkẹjà

Ó kàn ọ́ jù wá lọ. Apple ò fi Blu-ray sínú Mac kankan rí, Steve Jobs alára sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa ní 2008 nítorí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ yìí. Díráìfù USB á ṣiṣẹ́, àmọ́ sọ́fítíwià ẹlòmíràn lo máa wá.

Akin Àgbowó

Kí ẹ tó máa náwó lọ, Sony ti dá Blu-ray dúró, mo kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Àdùkẹ́ Peckham

Akin àti ìròyìn àbọ̀! Àwo òfìfo tí èèyàn ń fi nǹkan pa mọ́ sí ni wọ́n dá dúró, ní February 2025. Fíìmù ṣì ń jáde lórí Blu-ray.

Ọmọ Bẹẹrẹ, Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi rí àlòkù kan, ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé ló bá wọn mú un dé. Mo so ó mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà pè é ní BD-RE, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Wáyà olórí méjì ni, mo lo méjèèjì. PowerDVD tó wà nínú páálí rẹ̀ ti pẹ́, lẹ́yìn àpdéètì ló tó ṣí fíìmù àkọ́kọ́. Àwòrán ẹ̀ mọ́, ẹ wò ó, ìyá mi béèrè pé ṣé wọ́n tún fíìmù yẹn ṣe ni.

Ohun mẹ́ta ló kù. Àkọ́kọ́, àwòrán ń ta kókó nígbà tí mo bá yọ ṣájà. Èkejì, ìbọn ń dún gbàù gbàù ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀kẹta, fíìmù kan wà tí páálí ẹ̀ dúdú, ti àwọn yòókù búlúù. Tí mo bá fi í sí i, kò ṣí rárá. 4K Ultra HD ni wọ́n kọ sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Sólà, Ṣàgámù

Ti àkọ́kọ́, mo ti kìlọ̀ ẹ̀. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò bátìrì, mú èyí tó wà láàárín. Tún wo inú PowerDVD bóyá wọ́n ti tan ibi tí wọ́n kọ hardware acceleration sí. Tí ibẹ̀ bá wà ní pípa, Core i5 nìkan ló ń ru ẹrù fídíò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà tó ń bójú tó àwòrán wà nínú ẹ̀ tó jókòó lásán.

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

Ti ohùn, ìyẹn ò ní miliáńpù nínú. Ọ̀pọ̀ fíìmù yìí, sípíkà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni wọ́n ṣe ohùn wọn fún. Èyí tó yẹ kó máa ti àárín wá ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Láptọ́ọ̀pù ní méjì péré, ó wá da gbogbo ẹ̀ pọ̀. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan ohùn, tí o bá rí stereo tàbí 2.0, mú un. Tí kò bá sí, lo gbohùngbọ́ etí. Tàbí kí o tan àkọlé ìsàlẹ̀ bíi tèmi.

Ẹnjiníà Ìkẹjà

Ti ẹ̀kẹta, 4K yẹn nìkan ló le. Díráìfù Blu-ray lásán ò sábà kà á. Ká tiẹ̀ ní tìrẹ kà á, sọ́fítíwià tó ní ìwé àṣẹ ń wá ẹ̀yà kan nínú Intel tó ń jẹ́ SGX, láti Core ìran keje. Intel sì ti yọ SGX kúrò nínú Core láti ìran kọkànlá. Ẹni tó bá ra láptọ́ọ̀pù tuntun olówó iyebíye lónìí ò lè ṣí i lọ́nà tí wọ́n là sílẹ̀, ti àtijọ́ ló ní ẹ̀yà yẹn. Tí ẹ bá rí ọgbọ́n nínú ẹ̀, ẹ sọ fún mi.

Ṣùgbọ́n wo inú páálí dúdú yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń fi àwo méjì sínú ẹ̀, 4K kan, Blu-ray lásán kan.

Bọ̀dé Onífíìmù

Èmi náà ní ìbéèrè. Ọ̀rẹ́ mi fún mi ní fíìmù kan tí wọ́n dà kọ sórí àwo. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ohùn lọ, àwòrán ṣì ń lọ. Ṣé sípíkà mi ti bàjẹ́ ni?

Ẹnjiníà Ìkẹjà

Sípíkà rẹ ò ṣe nǹkan kan. Cinavia nìyẹn. Àmì kan ni tí wọ́n fi pa mọ́ sínú ohùn fíìmù, etí èèyàn ò gbọ́ ọ. Sọ́fítíwià tó ní ìwé àṣẹ ń tẹ́tí sí i. Tó bá rí i lórí àwo tí wọ́n dà kọ, á pa ohùn. Láti 2012 ni gbogbo ẹ̀rọ Blu-ray tuntun ti ní in. Àwo ojúlówó ò ní wàhálà ẹ̀.

Sánmọ̀rí

Tí àwo bá ní ojú èékánná, ẹ fi ọṣẹ ìfọyín pa á, ẹ nù ún. Mo ti ń ṣe é láti ayé síídì.

Ará Houston

Síídì nìyẹn o! Lórí Blu-ray, ìpele tí fíìmù wà jìn sí ojú àwo ní 0.1mm péré, ti DVD jẹ́ 0.6mm. Wọ́n wá fi nǹkan líle bo ojú ẹ̀ kó má bàa họ. Ọṣẹ ìfọyín ní yanrìn nínú, á họ ohun líle yẹn kúrò. Aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nù ún, láti àárín lọ sí etí, ẹ má yí i po. Lásìkò ọyẹ́, ẹ dá a padà sínú páálí ẹ̀ gbàrà tí ẹ bá wò ó tán.

Ọmọ Bẹẹrẹ, Ìbàdàn

Ẹnjiníà, ọjọ́ orí yín á gùn. Mo wo inú páálí dúdú náà, àwo kejì wà lẹ́yìn èyí tí mo ń fi sí i. Ó ti ṣí. Ohùn náà ti dáa, 2.0 wà níbẹ̀. Àwo 4K yẹn, màá tọ́jú ẹ̀ fún ìgbà tí Ọlọ́run bá pèsè PS5.

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

PS5 tó ní ẹnu àwo ni kí o rà o. Oríṣi kan wà tí kò ní, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìyàtọ̀ lójú páálí.